Òkèlè Afẹ́fẹ́

Wọ́n ti sin Tíṣà tán, síbẹ̀ Tíṣà kò yé lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ nìyẹn, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàwàdà. Ó jókòó sí etí àga ní pálọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, ojú rẹ̀ ti wọnú nítorí àìsùn.

"Ìdájí ni, Màmá, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Màá gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì á rọra ké, bó ṣe máa ń ṣí i kó má baà jí mi. Lẹ́yìn ìyẹn, màá gbọ́ tí igi ń han, bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbé bàálù yẹn. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́. Á kàn dákẹ́ lọ gbáà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ló ń pa mí."

"Ṣé o ti lọ wò ó?"

"Èmi kẹ̀! Tí mo bá débẹ̀, tí mo sì bá a níbẹ̀ ńkọ́? Tí mo bá débẹ̀, tí n kò sì bá a ńkọ́?"

Obìnrin tó ń bi í léèrè kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé rẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, ó sì dàgbà ju gbogbo ohun tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ, àfi ògiri. Ọ̀fíntótó ni wọ́n ń pè é, torí pé bí ẹ bá fún un lómi, yóò kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó pọn ọ́n. Kò gbà pé òkú ń ṣí ilẹ̀kùn. Àmọ́ nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, orí rẹ̀ wú, inú sì bí i sí ara rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ náà kò gùn láti rò. Tíṣà, olùkọ́ ìṣirò, àti Wẹ́dà, ajórin tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n jọ fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ òfúrufú kékeré kan nínú ṣẹ́ẹ̀dì onípáànù tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà. Àwọn ará àdúgbò ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n, títí di ọjọ́ tí bàálù náà gbéra nílẹ̀ lójú gbogbo ayé, tó yí pápá ká, tó sì bà bí ẹyẹlé. Ó fò bẹ́ẹ̀ nígbà bíi mélòó kan. Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, Tíṣà nìkan gbé e jáde. Bàálù náà sáré títí, ó gòkè díẹ̀, kò wá gòkè mọ́. Àwọn igi tó wà ní ìparí pápá ló gbà á mú.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, òun àti Wẹ́dà ti jà, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ ohun tí Wẹ́dà sọ: "Òkèlè tó o fẹ́ bù yìí, òun ló máa há ọ lọ́fun tí wàá fi kú!"

"Òkèlè wo?" Ọ̀fíntótó bèèrè.

Ìyàwó Tíṣà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bá a jáde. Ọ̀rọ̀ òkèlè yìí ni wọ́n fi ń jẹun nínú ilé náà, ó sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Abẹ̀bẹ̀ tó wà lẹ́nu bàálù ní apá méjì. Apá kọ̀ọ̀kan fì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó lè máa bu afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Bó bá fì díẹ̀, òkèlè kékeré ló ń bù: ẹ́ńjìnnì á yí geerege, bàálù á tètè gòkè, ṣùgbọ́n kò ní í fi bẹ́ẹ̀ sáré tó bá dókè. Bó bá fì púpọ̀, òkèlè ńlá nìyẹn. Bàálù á sáré lókè dáadáa, ṣùgbọ́n nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ń fi ẹrù gun òkè.

"Dígírì mẹ́rìnlá ni apá rẹ̀ máa ń fì tí wọ́n bá fẹ́ fò ó," obìnrin náà sọ. "Bọ̀dá mi ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ní rárá, ó ń falẹ̀ jù lókè, òun fẹ́ mẹ́rìndínlógún. Torí dígírì méjì, Màmá! Dígírì méjì péré ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pariwo lé ara wọn lórí."

Ó gbé ojú sókè. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti àárọ̀ jáde wàyí. "Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo nìyẹn. Kò sí bàbá, kò sí ìyá. Tó bá jẹ́ òun ló ṣe é, mo ti pàdánù àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wádìí ẹ̀ dáadáa. Ẹ má wádìí ẹ̀ nítorí tèmi. Ẹ ṣáà wádìí ẹ̀."

* * *

Ìdí abẹ̀bẹ̀ náà wà lórí tábìlì ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀. Apá kan ti ṣẹ́ kúrò, àmọ́ kùkùté rẹ̀ ṣì wà nínú irin tó dì í mú, nọ́ọ̀tì kankan kò sì yẹ̀. Ọ̀fíntótó wọn apá kìíní. Ó wọn ìkejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀n wọ́n.

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n," ó ní. "Àwọn méjèèjì."

Ọ̀gá àgọ́ náà, ọkùnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí tó sì jù ú lọ ní ipò, gbá tábìlì. "Ẹ ò rí i! Mẹ́rìnlá ni èkíní fẹ́, mẹ́rìndínlógún ni èkejì fẹ́, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n la bá níbẹ̀. Ẹnì kan ló lọ yí i kó lè pa á. Ìyá, ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń yí i, yàtọ̀ sí òkú? Ọ̀la ni n óò ti Wẹ́dà mọ́lé."

"Ọ̀gá, ẹ fara balẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi abẹ̀bẹ̀ pa èèyàn, ṣé ẹ máa jókòó wọn apá méjèèjì kí wọ́n bára dọ́gba báyìí? Kò yàtọ̀ pẹ́nrẹ́n. Ẹni tó ṣe èyí ṣe é tìfẹ́tìfẹ́ ni. Ó fẹ́ kó fò."

"Tàbí ó fẹ́ kí a rò bẹ́ẹ̀."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," Ọ̀fíntótó ní, ó sì fa ìwé ìròyìn bo abẹ̀bẹ̀ náà lójú. "Ẹ má sọ iye yẹn fún ẹnikẹ́ni. Kó wà láàárín èmi àti ẹ̀yin."

* * *

Wẹ́dà jókòó síwájú Ọ̀fíntótó, ó ga, ó sì fẹ̀ débi pé àga náà ń ké lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀ wá. Iná ti jó ọwọ́ aṣọ náà káàkiri bó ṣe máa ń rí lára àwọn wẹ́dà, ṣùgbọ́n èjìká òsì kò jó, ńṣe ló gbó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń ru nǹkan. Ọ̀fíntótó wo èjìká náà dáadáa.

"Nígbà tí mo bá ń bi èèyàn ní ìbéèrè," ó ní, "n kì í bi í pé kí ló sọ. Ẹnu máa ń ráyè purọ́. Ohun tí ọwọ́ ṣe ni mo fẹ́ gbọ́. Fi bí ẹ ṣe máa ń yí òkèlè yẹn hàn mí."

Wẹ́dà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nínú afẹ́fẹ́. Wọn óò fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì. Wọn óò yí abẹ̀bẹ̀ títí apá kìíní á fi nà gbalaja sí ọwọ́ òsì, níbi tí wíńdò wà, tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Tíṣà á gbé ohun ìwọ̀n olómi tí wọ́n kọ dígírì sí lára lé e, irú èyí tí bíríkìlà fi ń mọ̀ bí ògiri bá dúró ṣánṣán. Á yí apá náà díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi dúró síbi tó fẹ́. Wọn óò dè é. Wọn óò yí èkejì wá sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò kan náà, wọn óò ṣe é bákan náà.

"Ìwọ ńkọ́? Gbogbo ohun tó o sọ yìí, ọwọ́ Tíṣà ni. Níbo ni ọwọ́ tìẹ wà?"

Ọwọ́ Wẹ́dà dúró lójú afẹ́fẹ́. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ sórí itan.

"Ìyá, kí lẹ ń wá lẹ́sẹ̀ òkú? Èmi ni mo pa á. Lẹ́yìn tí a jà tán, mo padà lọ, mo bá a yí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́."

Ọ̀gá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ọ̀fíntótó na ìka kan sí i pé kó dúró.

"Mélòó lo yí i sí?"

Wẹ́dà kò ronú rárá. "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

Kò sí ẹni tó sọ iye yẹn fún un. Ọ̀gá wo Ọ̀fíntótó bí ọmọ tó jẹ ayò, ó sì jáde lọ láti pe ẹni tó máa kọ ìwé. Ọ̀fíntótó dìde, ó tẹ̀ lé e. Ó ti ń rò pé ọwọ́ ọkùnrin yìí mọ́, ọkùnrin náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí apànìyàn nìkan lè mọ̀.

"Ẹ fún mi di ọ̀la," ó bẹ Ọ̀gá ní ìta. "Ẹ jẹ́ kó lọ sílé, kò ní í sá. A kì í lé ẹni tó ti jókòó dè wá."

"Ìyá, ẹ̀yin náà fẹ́ràn wàhálà. Ìdájọ́ ti délẹ̀, ẹ tún ń tú u wò."

"Ẹni tó bá ń yára jẹ́wọ́, nǹkan mìíràn ló ń fi pa mọ́."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ọ̀la, tí mo bá mu tíì tán. Kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

* * *

Ẹnì kan ṣì kù tó bá Tíṣà ní gbólóhùn asọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì ni Bàbá Aládìyẹ ń gbé, ó sì ti lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá láìmọye ìgbà pé ẹ́ńjìnnì bàálù kò jẹ́ kí adìyẹ òun yé. Ọ̀fíntótó bá a níbi tó ti ń da oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, ariwo adìyẹ sì ń bo ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

"Wọ́n ní ẹ sọ pé ẹ máa dáná sun ún."

"Bàálù ni mo ní n óò sun, n kò ní n óò sun olówó ẹ̀! Ẹ tẹ́tí, adìyẹ mi kì í ṣe adití. Bí ẹyẹ tiẹ̀ bá ti ń bú ramúramù, ẹyẹ tèmi á pa ẹyin mọ́nú bí ẹni pa àṣírí mọ́."

"Wọ́n rí yín tí ẹ ń jáde nínú ṣẹ́ẹ̀dì náà láàárọ̀ Sátidé."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí ìyẹ̀fun oúnjẹ adìyẹ kún.

"Mo lọ bẹ̀ ẹ́ ni. Mo ní kó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó tó tan nǹkan yẹn. Ilẹ̀ ò tíì là dáadáa, ni mo bá wọlé, ni mo bá lọ fi ojúgun gbá kiní kan tó le bí òkúta." Ó ká ṣòkòtò sókè. Ojúgun rẹ̀ ti bó, ọgbẹ́ náà sì ń gbẹ lọ. "Táyà kékeré tó wà lábẹ́ ìrù bàálù ni. Mo pariwo yéè, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú níbi abẹ̀bẹ̀, òun nìkan, ó gbé ohun ìwọ̀n lé e, ó ń fi ẹnu kọrin. Mo kí i. Kò dáhùn. Mo ní tí iṣẹ́ bá ń dùn mọ́ èèyàn báyìí, kí n má dà á láàmú. Ni mo bá lọ."

Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ. Ìró yẹn wúwo. Kò rí bó ṣe máa ń rí. Láti ọjọ́ náà ni àwọn adìyẹ mi ti ń yé o, wọ́n ń yé bí ẹni pé wọ́n sinwín, n kò sì lè jẹ ọ̀kankan nínú ẹ̀."

Ọ̀fíntótó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó ń ro. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló yí abẹ̀bẹ̀, ó sì yí i láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, lẹ́yìn ohunkóhun tí Wẹ́dà ì bá ti ṣe. Nítorí náà, irọ́ ni Wẹ́dà pa. Mẹ́rìndínlógún ni Tíṣà fẹ́, mẹ́rìndínlógún ló sì rò pé òun fi sí i. Ó fi ìka kà á bí ọmọdé: mẹ́rìndínlógún kúrò nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó ku mọ́kànlá. Níbo ni mọ́kànlá ti wá? Báwo sì ni ọkùnrin tí kò sí níbẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n?

* * *

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì náà. Ó jókòó lórí àpótí lẹ́yìn pákó tí wọ́n tò jọ, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kú sínú àpò. Wọ́n ti kó bàálù padà wá síbẹ̀: iwájú rẹ̀ fọ́, ìyẹ́ rẹ̀ ti kúrò, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ àti ẹsẹ̀ táyà rẹ̀ ṣì pé. Ó dúró bó ṣe máa ń dúró, ó gbé imú sókè, ìrù rẹ̀ sùn nílẹ̀. Ibẹ̀ ń rùn bí ọ̀dà, bí epo, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tó sì máa padà wá láìpẹ́. Ẹ̀wù iṣẹ́ Tíṣà kọ́ sára ìṣó. Ọ̀fíntótó kò fẹ́ wò ó, ojú rẹ̀ sì ń padà síbẹ̀ ṣáá.

Ilẹ̀kùn ké.

Ẹnì kan wọlé. Kò tan iná. Ó rìn bí ẹni tó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, ó gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì kọjá láìfara kàn án. Ọ̀fíntótó ki ọwọ́ bọ àpò, ó di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó ti mú apànìyàn rí, ó ti bá òkú sùn nínú yàrá kan náà rí nítorí iṣẹ́, àmọ́ ní òwúrọ̀ yìí, ẹ̀rù bà á bí ọmọdé. Ẹni náà lọ sẹ́yìn bàálù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Igi ké, ìrù gbéra nílẹ̀, ó sì gòkè sórí èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣe nǹkan kan mọ́. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ń retí.

Bí ìrù ṣe ń gòkè ni imú bàálù ń sọ̀ kalẹ̀, títí gbogbo ara rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀fíntótó rí i nínú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó ń gba wíńdò wọlé. Gbogbo ìbéèrè tó ti ń dà á láàmú já lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Wẹ́dà ni. Omijé ti ya ojú rẹ̀ sí ipa méjì. Kò tiẹ̀ ta gìrì.

"Èyí ni ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe," obìnrin náà sọ pẹ̀lẹ́. "Gbé e sílẹ̀ fún mi, ọmọ mi."

Ó gbé e sílẹ̀. Imú bàálù padà gbójú sókè. Ọ̀fíntótó gbé ohun ìwọ̀n olómi tó wà lórí tábìlì lé ẹ̀yìn bàálù náà, ó fi tọ́ọ̀ṣì sí i, kò sì yà á lẹ́nu mọ́ nígbà tó rí i.

"Mọ́kànlá."

"Mọ́kànlá," Wẹ́dà ní.

"Ohun ìwọ̀n yìí ò mọ bàálù, ilẹ̀ ló mọ̀. Tí ìrù bá wà lórí èjìká rẹ, òótọ́ ló ń sọ. Tí ìrù bá wà nílẹ̀, tí a bá wọn apá abẹ̀bẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wíńdò yẹn, mọ́kànlá ló máa fi pa mọ́. Tíṣà rò pé mẹ́rìndínlógún lòun fi sí i. Bàbá Aládìyẹ fi ojúgun gbá táyà ìrù. Ká ní ó wà lórí èjìká ẹnì kan ni, orí ni ì bá fi gbá a."

Wẹ́dà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún mi bí bàálù ṣe sáré, bó ṣe wúwo, tí kò gòkè, ni mo ti mọ̀. Mo kàn ro mọ́kànlá pọ̀ mọ́ mẹ́rìndínlógún ni. Òkèlè gbòǹgbò ní í fẹ ọmọ lójú toto. Èyí tó fẹ àna mi lójú, èmi ni n kò bá a gbá a dànù."

"Kí ló dé tí kò gbé ìrù náà lé nǹkan?"

"Kò mọ̀ pé wọ́n ń gbé e ni, Ìyá. Látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀, bó bá ti mú ohun ìwọ̀n báyìí, ẹsẹ̀ mi á ti gbé mi lọ sẹ́yìn. Kò rán mi níṣẹ́ ẹ̀ rí. Èmi náà ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ rí. A máa ń tàkúrọ̀sọ lórí nǹkan mìíràn, bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀, èmi lẹ́yìn, òun níwájú. Ojú ẹ̀ wà lára omi yẹn. Èmi gan-an ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Tó bá sì yí i tán, èmi ni mo máa ń so ìrù mọ́ òpó, tí á fi ẹ́ńjìnnì sáré débi tó bá lè sáré dé, ká wò ó bóyá ó yí tó. Ká ní mo wà níbẹ̀, à bá ti rí i pé kò yí tó. À bá ti rẹ́rìn-ín. À bá ti tún un ṣe."

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ ọlọ́pàá nínú ẹ̀. Kí ló dé tó o fi gbé ìpànìyàn sọ́rùn ara rẹ?"

Wẹ́dà yí ojú sí ẹ̀wù tó kọ́ sára ìṣó.

"O mọ iye yẹn, o mọ ìdí ẹ̀, o sì pa á mọ́. Tí mo bá ti gbọ́ pé kò sí ẹni tó gbé ìrù, mo mọ ìbéèrè tó kàn. Èwo nìyẹn?"

Wẹ́dà tẹ orí ba. "Pé kí ló dé tí n kò wá."

"Kí ló dé tó ò wá?"

"Ìyá, ẹ tì mí mọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọdún tí wọ́n bá fẹ́ ni kí wọ́n fún mi. Mo lágbára, màá ṣe é."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n má wá."

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá. Ìyàwó Tíṣà ló dúró níbẹ̀, ó ró ìró kan mọ́ àyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní bàtà. Òun náà ti gbọ́ tí ilẹ̀kùn ké, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sá fún un. Wẹ́dà fò dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dí i létí.

"Àbúrò mi, má gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Padà sínú ilé."

"Mo ti gbọ́, Bọ̀dá mi." Ó wọlé. Kò sunkún. Ọ̀fíntótó ni kò mọ ibi tó máa kọjú sí. "Lẹ́yìn tí wọ́n jà tán, Màmá, mo lọ bá Bọ̀dá mi nílé. Wọ́n ti ń wá sípánà wọn, wọ́n fẹ́ lọ bẹ ọkọ mi, kí wọ́n lè jọ ṣe é láàárọ̀ bó ṣe fẹ́ ẹ. Mo ní rárá. Mo ní ẹnu ọkọ mi ti gùn jù, ẹ má lọ lọ́la, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé òun nìkan ò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kó wá bẹ̀ yín. Mo ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mò ń sọ ọ́. Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ jáde láàárọ̀ Sátidé, ó ní òun máa fò kọjá lórí ilé Bọ̀dá, kí wọ́n lè jáde wá wòran. Mo ní kó kí wọn fún mi."

"Ìwọ kọ́ ló pa á," Wẹ́dà sọ. "Mo dàgbà tó láti fi ẹsẹ̀ ara mi rìn. Èmi ni n kò wá."

"Ìwọ kọ́, òun kọ́, abẹ̀bẹ̀ ni," Ọ̀fíntótó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà fẹ́lẹ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì sọ ọ́ parí. Ó ti yanjú ẹjọ́ púpọ̀ láyé rẹ̀. Kò sí èyí tí inú rẹ̀ bàjẹ́ sí tó báyìí pé òun yanjú rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Ọ̀gá á ti máa gbé omi tíì kaná. Wẹ́dà di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó ń sọ pé kó dárí ji òun, pé òun ì bá kú sẹ́wọ̀n kó tó mọ̀, pé òun fẹ́ kó máa sùn lálẹ́ ni. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ dé ìparí. Lẹ́yìn náà, ó fi ìdí ìró rẹ̀ nu ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni nu ojú ọmọ.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, Bọ̀dá mi, àdúrà kan ni mò ń gbà. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ ẹ̀yin. N kò rántí sọ pé kó má jẹ́ èmi." Ó jọ̀wọ́ ìró náà sílẹ̀. "Àdúrà mi gbà."